Ta ló ti bá àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní England, jọ́sìn rí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Lancaster ní England níbí ni mo ń gbé. Mo lọ wo ilé olódi tí wọ́n ti George Fox, ẹni tó dá ìjọ wọn sílẹ̀, mọ́ ní 1660 àti 1664, ni mo bá yà sí ilé ìpàdé wọn. Wákàtí kan gbáko, kò sí orin, kò sí àlùfáà, kò sí igbá ọrẹ. Obìnrin kan dìde, ó sọ gbólóhùn méjì, ó jókòó. Omi bọ́ lójú mi. Ẹ̀yin ńkọ́?

Màmá Tóbi: Mo lọ lẹ́ẹ̀kan. Ara mi ò gbà á. Ìjọsìn láìsí ìlù?

Àkànní: Àfojúdi ni Fox fi bẹ̀rẹ̀. Ní Nottingham, 1649, oníwàásù ń wàásù lọ́wọ́, ó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ta ló máa gba ìyẹn ní ìjọ tiwa?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ohun tó fà á. Oníwàásù ní Ìwé Mímọ́ la fi ń dán ẹ̀kọ́ wò. Fox ní rárá o, Ẹ̀mí tó mí sí àwọn tó kọ ọ́ ni. Wọ́n tì í mọ́lé. Ìdámẹ́wàá náà tún ńkọ́? Òfin ni wọ́n fi ń gbà á nígbà náà. Quaker tí kò bá san, wọ́n á wá kó màlúù rẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì: Ìdámẹ́wàá! Pásítọ̀ wa kọ orúkọ àwọn tí ò san sára ògiri. Orúkọ ọkọ mi wà níbẹ̀, oṣù kẹrin rèé tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kà á, kò sọ nǹkan kan títí a fi délé.

Adéọlá: Ẹ ṣì ń lọ síbẹ̀?

Ìyá Ìbejì: A ò lọ mọ́.

Àkànní: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ìyẹn ò dáa rárá.

Adéọlá: Ṣé ẹ mọ̀ pé "thou", "ìwọ" ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ni àwọn Quaker ń pe adájọ́ àti àlùfáà nígbà náà? Bí ìgbà téèyàn ń sọ "o" fún àgbàlagbà ni. Wọn kì í sì í ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Quaker kan wà, Thomas Ellwood, bàbá tó bí i lù ú nítorí ẹ̀.

Màmá Tóbi: Tóbi ò gbọdọ̀ dán an wò nílé mi!

Adéọlá: Ṣebí "Ìwọ" là ń pe Ọlọ́run nínú àdúrà, mà?

Àkànní: Ti Ọlọ́run yàtọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni.

Adéọlá: Ohun tí Quaker náà sọ nìyẹn: ẹnì kan ṣoṣo ni adájọ́ náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló rí i bí àfojúdi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Ulverston, 1652, wọ́n fẹ́ ti Fox síta. Margaret Fell, ìyàwó adájọ́, ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Obìnrin náà jókòó, ó ń sunkún, ó ní olè ni gbogbo wa: ẹnu lásán la fi gba Ìwé Mímọ́.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ Ìjẹ̀bú, aago mélòó ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀? Ṣé wọ́n ń gba ọmọdé wọlé?