Ìpolówó àgbo ẹ̀jẹ̀ ríru lórí Facebook: ṣé kí a gbà á gbọ́?

Ọmọ Ìtòkú: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Màmá mi, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra, ra àgbo kan tí wọ́n rí lórí Facebook, wọ́n sì fẹ́ dá oògùn dókítà dúró nítorí obìnrin tó wọ aṣọ funfun bíi dókítà nínú ìpolówó náà. Báwo ni mo ṣe lè mọ òótọ́?

Apòògùn Pánṣẹ́kẹ́: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a dúró, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì hàn kó tó ṣe ni ní jàǹbá. Aṣọ funfun kọ́ ni ẹ̀rí. Ta ni kò lè rán an? Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayédèrú wà níbẹ̀ náà. Láti ọdún 2010 ni NAFDAC ti gbé ètò kan kalẹ̀ fún àwọn oògùn kan, pàápàá oògùn ibà: olùrà yóò ha ojú páálí, yóò fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, èsì yóò sì wọlé bóyá ojúlówó ni.

Ìyá Ìbejì: Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ìlera orí ayélujára ló burú. Orí WhatsApp ni nọ́ọ̀sì ti máa ń rán mi létí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ohun tó bí mi nínú ni pé ilé ìwòsàn náà fi àwòrán àwọn ọmọ mi polówó láìtọrọ àyè.

Ọmọ Ìtòkú: Ẹ ṣeun. Mo yẹ ìgò náà wò tibú tòró, kò ní nọ́ńbà kankan. Màmá ti padà sídìí oògùn wọn, àmọ́ wọ́n ń bínú owó àgbo.