Òmìrán já bọ́ sínú ọ̀gbun, ó tún dìde

DM_Ìbàdàn: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Dungeons & Dragons là ń ṣe, eré ìtàn tí a fi dáìsì ń ta, òfin 2014. Èmi ni mò ń darí eré náà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti hill giant (irú òmìrán kan) sínú ọ̀gbun 200 ẹsẹ̀ bàtà. Òfin ní kí a fi dáìsì ka ìpalára ẹni tó já bọ́: dáìsì olójú mẹ́fà kan fún ẹsẹ̀ bàtà 10 kọ̀ọ̀kan, dáìsì 20 ni òpin rẹ̀. Ó máa ń tó nǹkan bí 70. Hit point (iye ìpalára tí ara lè gbà kó tó ṣubú) 105 ni òmìrán ní! Baba dìde, ó gbọn eruku nù. Wọ́n ní mo ń ṣe ojúsàájú.

Akin_d20: Òfin yẹn kò mọ ìwúwo. Haldane, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ti kọ ọ́ ní 1926: eku kékeré lè já sínú kòtò jíjìn kó máa rìn lọ, ṣùgbọ́n ẹṣin á fọ́ yángá. Tí ara bá gùn, tó fẹ̀, tó sì nípọn ní ìlọ́po 10, ìwúwo á di ìlọ́po 1,000. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹ̀dá bá ṣe tóbi tó la fi ń yan dáìsì: Large ń ju d8 (dáìsì olójú mẹ́jọ), Huge, bíi òmìrán yín, d10, Gargantuan tó tóbi jù d12. Òmìrán yín ì bá ti kú.

Ìyá_Dáìsì: D12 náà kò lè pa dírágónì pupa arúgbó (Ancient), hit point 546 ló ní. Ẹ fi òfin sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àbùrò. Ẹni tó bá já bọ́ tó sì fara pa, ilẹ̀ ló máa sùn sí. Kí wọ́n tètè sọ òkúta lé e lórí.

DM_Ìbàdàn: D10 ni mo mú. Ẹ má sọ fún wọn pé àwọn òmìrán náà mọ bí a ṣe ń tini.