Ìṣákọ́lẹ̀ kọ́, ìdáwó kọ́: orúkọ wo ni ká fún owó-orí ilé tí ará ìlú ń dìbò lé lórí nítorí ilé-ìwé?

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o. Mo ti ka ohun tí a ti sọ lórí ìwé ìkéde tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Columbus, ní ìpínlẹ̀ Ohio, fẹ́ túmọ̀ fún àwọn òbí Yorùbá àdúgbò rẹ̀. Ìwé náà ń sọ fún wọn pé ní oṣù kọkànlá, wọn yóò dìbò lórí owó-orí ilé tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ilé-ìwé ìjọba. Ẹnì kan dábàá "ìṣákọ́lẹ̀ ilé-ìwé". Ẹlòmíràn ní ká pè é ní "ìdáwó ilé-ìwé". Ẹ̀kẹta ní "owó-orí" kò bójú mu, torí pé orí ènìyàn kọ́ ni wọ́n ń gbà á lé, ilé ni. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Àwọn tó máa ka ìwé náà máa fi í dìbò, wọ́n sì máa fi sanwó.

Ìṣákọ́lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ká gbé sílẹ̀. Ohun tí àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń gbé fún onílẹ̀ lọ́dọọdún ni, ì báà jẹ́ iṣu, ì báà jẹ́ epo tàbí owó, kí ó lè hàn gbangba pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Ní Ohio, ẹni tó ni ilé gan-an ló ń san owó tí à ń wí yìí, òun náà ló sì ń bá wọn dá a sí bóyá kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n má gbà á. Bí a bá pè é ní ìṣákọ́lẹ̀, a ti sọ onílé di àtìpó nínú ilé ara rẹ̀.

Ìdáwó dùn létí ju ìyẹn lọ, mo sì mọ ìdí tí àbúrò wa fi fẹ́ ẹ: ará àdúgbò ló pawọ́ pọ̀ gbọ́ ti ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá dáwó, ojú ló máa tì í, kò sí ẹni tó máa gba ilé rẹ̀. Nínú ọ̀ràn ti Amẹ́ríkà, bí àwọn tó gbà bá ti pọ̀ ju àwọn tí kò gbà lọ, gbogbo wọn ni yóò san. Ẹni tó bá fi gbèsè rẹ̀ sílẹ̀ títí lè pàdánù ilé. Ẹni tó ní ilé ṣùgbọ́n tí kò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè náà yóò san, kò sì ní dìbò, àwọn ènìyàn wa tó wà ní ipò yìí kò sì kéré. Ọ̀rọ̀ tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yóò tan wọ́n jẹ.

Nítorí náà, "owó-orí ilé" ni mo fara mọ́. Ó ti pẹ́ tí owó-orí ti kúrò lórí orí: à ń pe èyí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà ní owó-orí ọjà, kò sì sí ẹni tó ń béèrè orí ta ni. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ náà korò kò parọ́. Ogun Àdùbí ọdún 1918 ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ìjà àwọn obìnrin Abẹ́òkúta pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ní ọdún 1947, ọ̀tẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968, owó-orí ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó korò. Owó tí òfin fi dandan gbà ni, kí onílé mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó dìbò.

Ibi tí èdè wa ti ṣófo ni ìdìbò náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ń múra ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, wọ́n bu owó-orí lé àwọn ará ìlú nítorí rẹ̀. Ìbínú owó yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC fẹ̀yìn Action Group, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba níbẹ̀, janlẹ̀ ní ẹkùn náà nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Ẹ̀yin rí i pé ará ìlú sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣèlú ni wọ́n dìbò fún tàbí tí wọ́n kẹ̀yìn sí. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé, "Owó yìí nìkan, ṣé ẹ gbà á?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n ń bi àwọn ará Ohio. Idà sì wà lẹ́nu ẹni tó ní òun kò gbà: ní Kalkaska, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ilé-ìwé ti ìlẹ̀kùn kí sáà tó parí ní ọdún 1993, nígbà tí àwọn olùdìbò kọ owó-orí náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Michigan gbé ọ̀pọ̀ nínú ẹrù ilé-ìwé kúrò lórí owó-orí ilé, tí wọ́n sì sọ owó-orí ọjà di 6 nínú ọgọ́rùn-ún láti orí 4.

"Ìdìbò bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́" tí a dábàá kò burú, àmọ́ bẹ́ẹ̀ni àti bẹ́ẹ̀kọ́ kò sí lórí ìwé ìdìbò Ohio. Ohun tó wà níbẹ̀ ni "For the tax levy" (mo gba owó-orí náà) àti "Against the tax levy" (n ò gbà á). Mo dábàá "ìdìbò mo-gbà-n-ò-gbà", yóò bá ìwé ìdìbò ìpínlẹ̀ èyíkéyìí mu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí "dìbò fún". Nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, a kọ ọ́ pé "ẹ jáde wá dìbò fún owó-orí ilé-ìwé". Ní Yorùbá, ẹni tí mo dìbò fún ni mo fẹ́ kó wọlé. Òfin Ohio sì kọ̀ fún ìgbìmọ̀ ilé-ìwé láti ná owó ìlú lórí ìpolongo pé kí ènìyàn gbà tàbí kó kọ̀. Wọ́n lè ṣàlàyé nìkan. Bí owó ìgbìmọ̀ bá wà nínú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn lè kó ẹ̀gbọ́n wa sí wàhálà. "Dìbò lórí" ni ká lò.

Ó ku "mill", ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣírò owó-orí ilé. Ẹ má jẹ́ ká kọ ọ́ ní mílì rárá, torí pé ọmọ Nàìjíríà tó bá gbọ́ mílì márùn-ún, mílíọ̀nù márùn-ún ló gbọ́. Dọ́là kan lórí ẹgbẹ̀rún dọ́là ni, kì í sì í ṣe gbogbo iye tí ilé náà lè tà lọ́jà ni wọ́n ń kà. Ní Ohio, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni. Ilé tó tó $200,000 lọ́jà, $70,000 ni wọ́n máa gbowó-orí lé. Bí owó-orí tuntun bá jẹ́ dọ́là márùn-ún lórí ẹgbẹ̀rún, $350 ni onílé yóò san lọ́dún. Ká kọ "dọ́là márùn-ún lórí ẹgbẹ̀rún", kó tán síbẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni "ìsọdọ̀tun" tí a fi túmọ̀ "renewal", ìyẹn ìdìbò pé kí owó-orí tí àkókò rẹ̀ fẹ́ parí ṣì máa lọ. Ẹni tó bá rí "tuntun" nínú rẹ̀ yóò rò pé wọ́n fẹ́ gbé owó mìíràn lé òun lórí. Òfin ìpínlẹ̀ náà tó wà láti ọdún 1976, House Bill 920, sọ pé bí iye ilé bá ń gòkè, kí ìwọ̀n owó-orí tí ará ìlú ti dìbò gbà máa sọ̀ kalẹ̀, kí owó tó ń wọlé láti ara àwọn ilé náà má bàa pọ̀ sí i. Owó oṣù olùkọ́ ń gòkè, owó epo bọ́ọ̀sì ń gòkè, owó-orí dúró sójú kan. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ ilé-ìwé fi ń padà wá bẹ olùdìbò lemọ́lemọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ohio sọ nínú ẹjọ́ DeRolph ní ọdún 1997 pé bí ètò owó ilé-ìwé ṣe gbára lé owó-orí ilé jù kò bá òfin-ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà mu, síbẹ̀ ìdìbò kò dáwọ́ dúró. "Ìtẹ̀síwájú" náà kò ní ṣe é, torí ìyìn wà nínú rẹ̀, ó sì dà bí ìpolongo. "Ìfàgùn àkókò" ni mo mú.

Fún àwọn ará Houston tó béèrè nípa "bond": gbèsè ìkọ́lé ni, owó tí wọ́n yá láti fi kọ́ ilé-ìwé, tí wọ́n sì ń fi owó-orí ilé san padà. Láti ọdún 2019 ni òfin Texas ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé ìdìbò irú rẹ̀ pé àfikún owó-orí ilé ni. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀, gbólóhùn yẹn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pátápátá, bó tilẹ̀ wù wá tàbí kò wù wá.

Bí mo ṣe fẹ́ kí ìkéde Columbus rí nìyí:

"Ìdìbò mo-gbà-n-ò-gbà yóò wáyé lórí ìfàgùn àkókò owó-orí ilé tó ti ń lọ sí ilé-ìwé ìjọba tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe owó-orí tuntun. Bí ẹ bá gbà á, ẹ mú ibi tí wọ́n kọ 'For' sí. Bí ẹ kò bá gbà á, ẹ mú ibi tí wọ́n kọ 'Against' sí."

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju "ìfàgùn àkókò" lọ, kó tètè mú un wá kí ìwé tó lọ sí ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.