Wíwá orúkọ Hunpe nínú ìwé ìkànìyàn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọmọ Hunpe, Àgbádárìgì:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Àwọn àgbà agboolé wa sọ pé bàbá tó bí bàbá bàbá mi bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Liverpool kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí. Mo wá Hunpe nínú ìkànìyàn 1911 àti ti 1921, n kò rí i. Ṣé kí n máa retí ìgbà tí wọ́n yóò ṣí ti 1931 sílẹ̀ fún aráyé ni?

Akọ̀wé Ẹ̀pẹ́:
Ẹ má wulẹ̀ retí ti 1931, nítorí iná jó ìwé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún náà ní 1942. Orúkọ yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀pọ̀ orúkọ tí à ń pè ní orúkọ ìdílé lónìí, orúkọ àbísọ bàbá kan ni, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wá ń jẹ́ nígbà tí wọ́n wọ ilé ìwé tàbí tí wọ́n ṣèrìbọmi. Ó lè jẹ́ pé ọmọ bàbá yẹn ni Hunpe, kì í ṣe òun. Bí òun náà bá sì ni, olórí ilé ló kọ ìwé 1911 fúnra rẹ̀, òyìnbó onílé tí kò gbọ́ Ògù, èdè àwọn Ègùn Àgbádárìgì, rí sì lè kọ ọ́ ní “Unpay”. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀, kí ẹ fi ibi ìbí wá a: Lagos tàbí West Africa, iṣẹ́ atukọ̀, àti ọjọ́ orí tó bá súnmọ́ tirẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú:
Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n atukọ̀ lè wà lójú omi lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kànìyàn. Àbúrò mi, wo ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ti 1915, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní ọjọ́ orí, ibi ìbí àti àdírẹ́sì. Àwọn káàdì atukọ̀ ti 1918 sí 1921 sì wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìlú Southampton ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní fọ́tò. Bí o bá rí ojú rẹ̀, àwọn àgbà agboolé yín ni yóò sọ bóyá ẹni yín ni.

Ọmọ Hunpe:
Ẹ ṣeun, mà. Ìkànìyàn ti ilé wa níhìn-ín ńkọ́?

Akọ̀wé Ẹ̀pẹ́:
Iye ènìyàn ló wà nínú èyí tí ìjọba tẹ̀ jáde, kò sí orúkọ. Ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì ló sàn fún yín, nítorí láti 1842 ni àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti wà ní Àgbádárìgì. Ẹ béèrè oríkì ìdílé yín pẹ̀lú kí ẹ tó lọ, nítorí orúkọ àwọn bàbá tí ẹ kò mọ̀ lè wà nínú rẹ̀.