Ìwé ọlọ́ṣà orí òkun tí mò ń kọ fún àwọn ọ̀dọ́: ṣé kí ọ̀gá ọkọ̀ yìí tú àwọn ẹrú sílẹ̀ ni?

Àǹtí_Oníkálámù:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé ìwé kan wà lọ́wọ́ mi tí mò ń kọ fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́tàdínlógún. Ìtàn àwọn ọlọ́ṣà orí òkun ni. Oògùn wà níbẹ̀, ìjà wà níbẹ̀, àgbá ń dún gbàù gbàù. Orí mẹ́jọ ti parí. Ìkẹsàn-án ló há mi lọ́fun.

Bọ́rọ̀ ṣe rí rèé. Ọdún 1722 ni, létí òkun Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òde òní. Àbẹ̀ní, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá láti apá Ọ̀yọ́, wọ́n wá ra iyọ̀. Bí Àbẹ̀ní bá ti ki ọwọ́ bọ omi òkun, á máa gbọ́ orúkọ ẹni tí omi náà ti gbé mì. Àmọ́ Olókun kì í fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ kan tó bá gbọ́, nǹkan kan tó jẹ́ tirẹ̀ á pa rẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó dé orí kẹjọ, ó ti gbàgbé ohùn bàbá rẹ̀, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ro ọkà mọ́. (Ti ọkà yẹn pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́. Nígbà tí mo tún un kà, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.)

Ó múra bí ọkùnrin, ó bá ọlọ́ṣà wọkọ̀. Onípupa ni mo pe ọ̀gá ọkọ̀ náà: ẹnu rẹ̀ dùn, orin kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, aṣọ pupa ló sì ń wọ̀ lọ sójú ìjà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá mi ka iṣẹ́ náà ti kó sí i lọ́wọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kó tú gbogbo ẹrú tó wà létí òkun sílẹ̀, kí wọ́n jọ máa ṣe ọlọ́ṣà lọ." Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó dùn-ún kà gan-an. Síbẹ̀, mò ń gbọ́ òórùn irọ́ níbẹ̀, irú irọ́ tí oògùn kò lè bò. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ_ÌsàlẹẸ̀kó:

Ẹ tú wọn sílẹ̀ jàre! Àròsọ kọ́ ni? Ìyà tí àwọn ọmọ wa ń kà nínú ìwé ti tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀kan.

Àgbà_Atukọ̀:

Àbúrò mi, imú rẹ kò tàn ọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 1722 gan-an, Bartholomew Roberts, ọlọ́ṣà orí òkun, ọmọ ilẹ̀ Wales, gúnlẹ̀ sí Ouidah. Ọkọ̀ mọ́kànlá ló bá níbẹ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Faransé àti ti Potogí. Ó ní kí ọ̀gá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ekuru wúrà ìwọ̀n pọ́n-ùn mẹ́jọ ra ọkọ̀ rẹ̀ padà. Wọ́n ń san án, àwọn ọlọ́ṣà sì ń já ìwé fún wọn pé owó ti wọlé, bíi gbowó-orí! Ọ̀gá ọkọ̀ Porcupine nìkan ló kọ̀. Ó ní àwọn tó ni ọkọ̀ kò pa á láṣẹ. Nǹkan bí ọgọ́rin ẹrú wà nínú ọkọ̀ náà, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n ní méjì méjì. Àwọn ọmọ Roberts fẹ́ kó wọn kúrò kí wọ́n tó sun ọkọ̀ náà. Wọ́n rí i pé títú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yóò pẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Wọ́n bá dáná sun ún pẹ̀lú èèyàn nínú. Àwọn tó bẹ́ sómi, ẹja apanijẹ ló gbà wọ́n.

Roberts yìí náà ń wọ aṣọ pupa lọ sójú ìjà o.

Kì í sì í ṣe pé wọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀tọ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n láàárín ara wọn. Ìbò ni wọ́n fi ń yan ọ̀gá. Nínú àdéhùn ọkọ̀ Roberts, ìpín méjì péré ni ọ̀gá ń gbà nínú ìkógun, atukọ̀ lásán ń gba ẹyọ kan. Ẹni tó bá gé lẹ́sẹ̀ tàbí lápá lẹ́nu iṣẹ́, 800 owó fàdákà ni ti ìtùnú rẹ̀. Àdéhùn kan náà ló ní kí wọ́n pa ẹni tó bá mú obìnrin wọ ọkọ̀ lábẹ́ aṣọ ọkùnrin. Nítorí náà, ta ló mú Àbẹ̀ní wọlé? Ẹni yẹn ti fi orí rẹ̀ lélẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Ouidah kò tíì bọ́ sábẹ́ Dahomey nígbà yẹn. 1727 ni Agaja, ọba Dahomey, gbà á. Àwọn Hueda ló ni ìlú, òjòlá tí wọ́n ń pè ní Dangbe ni wọ́n sì ń bọ. Bó bá jẹ́ Olókun nìkan ló ń sọ̀rọ̀ létí òkun yẹn, o ti fo onílé dá.

Ṣadé_Boston:

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí le o. Àǹtí, ẹ gba ọmọdé kan lọ́wọ́ mi. Ní Cape Cod, ní Amẹ́ríkà níbí, tí kò jìnnà sí wa, ọkọ̀ ọlọ́ṣà kan rì ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1717. Whydah ni wọ́n ń pè é, Ouidah yín yẹn náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹrú ló ń kó kí Samuel Bellamy tó gbà á. Wọ́n rí àwókù rẹ̀ ní 1984; ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé agogo rẹ̀ jáde, orúkọ ọkọ̀ náà wà lára rẹ̀ ketekete. Mo ti lọ wo agogo náà, kò tóbi tó bí mo ṣe rò.

Ọmọdé tí mò ń wí ni John King. Kò tíì ju nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Òun àti ìyá rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ tí Bellamy dá lọ́nà ní 1716, ọmọ náà sì fárí gá pé bí wọn kò bá jẹ́ kí òun bá wọn lọ, òun á para òun. Wọ́n mú un lọ. Nínú àwókù yẹn ni wọ́n ti rí egungun ẹsẹ̀ kékeré kan, bàtà kan àti ìbọ̀sẹ̀ sílíkì, àwọn onímọ̀ sì gbà pé tirẹ̀ ni.

Káyọ̀dé17:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Èmi gan-an ni ẹ ń kọ ìwé yìí fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ di èyí tí a ń kà torí WAEC. Ẹ má wá sọ Onípupa di òǹrorò láti ojú ewé kìíní. Ẹ jẹ́ n fẹ́ràn ẹ̀ dáadáa, kí n máa kọ orin ẹ̀. Tó bá wá dáná yẹn, kí inú bí mi sí ara mi.

Àǹtí_Oníkálámù:

Káyọ̀dé, o ṣeun, ọkọ mi. Mo ti ń wo ọ̀nà tó máa gbà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ọ̀rọ̀ yín tán, mo dìde lọ fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Ọgọ́rin orúkọ! Bí Àbẹ̀ní bá ki ọwọ́ bọ omi lóru ọjọ́ yẹn, kí ló máa kù nínú ẹ̀? Mo ti pa ìtúsílẹ̀ yẹn rẹ́. Kò ní í lè gba ẹnikẹ́ni là nínú iná. Ohun tó lè ṣe ni kó pinnu iye orúkọ tó máa gbọ́. Ọmọ bíi John King yẹn á jókòó tì í, á máa bá a rántí ohun tó ń gbàgbé: orúkọ ìyá rẹ̀, iye iyọ̀ tí wọ́n rà. Dangbe náà á wọlé, mo ti rí ibi tó máa gbà.

Ìbéèrè kan ló kù: kí ni wọ́n ń jẹ nínú ọkọ̀? Ebi ń pa gbogbo wọn láti orí kejì.

Àgbà_Atukọ̀:

Bísíkítì líle tí kòkòrò ti ń jẹ, ẹran oníyọ̀, àti ìjàpá òkun bí wọ́n bá rí i mú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1722, oúnjẹ àárọ̀ ni Roberts ń jẹ ní Cape Lopez, ní Gabon òde òní, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yọ sí wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ́wọ́ ọtí. Ọta àgbá ló pa á. Méjìléláàádọ́ta nínú wọn ni wọ́n so rọ̀ ní Cape Coast, ní Ghana òde òní. Àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n bá nínú ọkọ̀ rẹ̀, wọn kò bá wọn ṣẹjọ́ rárá. Wọ́n tà wọ́n ni. Fi ìyẹn sí orí kẹwàá.