Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ta ni kí àṣẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀ lórí ilé tá à ń kọ́ n'Ígbógbó?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la ń kọ́ fún màámi n'Ígbógbó, Ìkòròdú. Wọ́n ti da dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré tó máa jẹ́ ilẹ̀ fún òkè, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń fowó ránṣẹ́ láti Kánádà ní bí owó ò bá ti kọjá ohun tá a ṣírò, iṣẹ́ yọrí nìyẹn. Màámi fẹ́ wọlé kó tó di Kérésì. Bírikìlà fẹ́ tú pákó àti igi abẹ́ dẹ́kìn kíákíá, torí àwọn ni wọ́n máa lò lókè. Ó tiẹ̀ fi èkù òòlù gbá a níṣojú mi: "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún, ó ti gan!" Ẹnjiníà yarí. Ó ní ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń wọn agbára kọnkéré, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igi yẹn láìjẹ́ pé òun sọ bẹ́ẹ̀. (Màámi tó ń kánjú yìí náà ló ń bu omi wọ́n dẹ́kìn náà láràárọ̀ kó lè le dáadáa o!)

Mo pè wọ́n sípàdé lórí WhatsApp, ìjà ló dà. Mo rò ó pé ká gba alábòójútó, ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò lówó ìyẹn. Àwọn LASBCA, àjọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń mójú tó ilé kíkọ́, ń wá yẹ iṣẹ́ wò ní ìpele ìpele, àmọ́ ìyẹn ò kan ìjà mọ̀lẹ́bí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́lé rí, ọ̀rọ̀ ta lẹ fàṣẹ sí pé kí gbogbo yín tẹ̀ lé, báwo lẹ sì ṣe mú kí ẹni tó ń sanwó gbà?

Mo ti dúpẹ́ sílẹ̀.