Àṣíborí ni mo ń wá, ara obìnrin ni wọ́n fi hàn mí: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Agunkẹ̀kẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ kí á jọ sọ ọ́.

Mo ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, àṣíborí mi sì fọ́. Òun ló gba orí mi là, ṣùgbọ́n àṣíborí tó bá ti gba irú ìlù bẹ́ẹ̀ kò ṣeé dé mọ́, nítorí fóòmù inú rẹ̀ ti rún. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Irun mi pọ̀, mo máa ń dì í sẹ́yìn ọrùn, nítorí náà ohun tí mo nílò kò ju pé kí n rí ẹ̀yìn àṣíborí náà: ibo ni ìdè rẹ̀ wà, ṣé àyè wà fún irun, báwo ni okùn rẹ̀ ṣe yí etí ká.

Mo tẹ ibi tí wọ́n kọ "ọkùnrin" sí. Àwòrán mẹ́fà ló wà níbẹ̀: iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, inú, àti ọkùnrin kan tó tẹ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo tẹ ibi "obìnrin". Àwòrán méjì péré. Nínú ọ̀kan, obìnrin kan fara ti kẹ̀kẹ́, ó ti fa síìpù aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ dé àárín àyà, ó la ẹnu díẹ̀, irun rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àṣíborí tí wọ́n ń tà wà lábẹ́ apá rẹ̀. Nínú èkejì, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ìdí rẹ̀ gba ìdajì àwòrán náà, àṣíborí sì wà níbi tí wọ́n fi í kọ́ sí lára kẹ̀kẹ́.

Àwòrán méjì, kò sí èyí tí àṣíborí ti wà lórí. Mo jókòó ti fóònù, omijé fẹ́ bọ́ lójú mi. Èmi tí orí mi fẹ́ẹ̀ fọ́ ni ó yẹ kó ra ọjà yẹn, àmọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tó dúró sẹ́yìn mi tó ń wò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ tiyín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ, ohun tí ojú yín rí ni mo fẹ́ gbọ́.

Onígbì Òkun

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Agunkẹ̀kẹ́. A dúpẹ́ pé orí yọ.

Ìgbì òkun ni èmi ń gùn, ó ti lé ní ọdún méjìlá. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe pátákó tí a fi ń gun ìgbì kọ̀wé sí mi pé àwọn á fún mi ní pátákó lọ́fẹ̀ẹ́ bí mo bá lè máa fi fọ́tò ránṣẹ́. Inú mi dùn gan-an. Ọ̀rẹ́ mi bá mi wọ inú omi fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń ya mí, a sì yan mẹ́wàá tó dára jù. Nínú ọ̀kan, ìgbì náà ga jù mí lọ, mo wà nínú ihò rẹ̀ gan-an, pátákó wọn hàn láti orí dé ìdí. Èsì tí wọ́n fọ̀ ni pé ó dára, àmọ́ ṣé mo ní èyí tí mo wà létíkun? Ṣé mo ní èyí tí mo ti bọ́ aṣọ dúdú gígùn yẹn? Aṣọ dúdú gígùn yẹn ni kì í jẹ́ kí òtútù omi pa mí! Mo dá pátákó wọn padà.

Ẹ rántí fídíò tí Roxy, ilé iṣẹ́ tó ń ta aṣọ àti ohun èlò ìgbì gígùn fún obìnrin, gbé jáde ní 2013 nítorí ìdíje ìgbì gígùn ní Biarritz, ní ilẹ̀ Faransé. Obìnrin kan jí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó bọ́ aṣọ, ó wẹ̀, ó wa ọkọ̀ lọ sí òkun. Wọn kò jẹ́ kí á rí ojú rẹ̀, fídíò náà sì parí láìjẹ́ pé ó gun ìgbì kan ṣoṣo. Stephanie Gilmore ni. Ó ti di ọ̀gá gbogbo àgbáyé lẹ́ẹ̀márùn-ún nígbà náà. Lẹ́ẹ̀márùn-ún! Ẹ wo irú ẹni tí wọ́n gbé ojú rẹ̀ pamọ́.

Ayàfọ́tò Tẹ́lẹ̀

Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè kọ nǹkan. Ọkùnrin ni mí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ya fọ́tò fún àwọn tó ń ta bàtà àti aṣọ eré ìdárayá. Irú àwòrán tí Agunkẹ̀kẹ́ ṣàpèjúwe yẹn, mo ti yà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é. Wọ́n máa ń kọ ìwé ránṣẹ́ ṣáájú nípa irú àwòrán tí wọ́n fẹ́. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, ẹ ó rí "agbára", "eré sísá", "kó má gbà fún ẹnikẹ́ni". Bó bá jẹ́ obìnrin, "kó wu ojú". Òógùn tí ẹ ń rí lára wọn kì í ṣe òógùn. Gílísárìnì tí a pò mọ́ omi ni, inú ike ìfọ́nmi ni a ń rọ ọ́ sí. Iwájú orí àti apá là ń fọ́n ọn sí fún ọkùnrin. Fún obìnrin, àyà àti ikùn. Kò sí ẹni tó kọ ìyẹn sínú ìwé, ọwọ́ wa ló ti mọ́ ọn lára. Bàtà tí wọ́n wọ̀ gan-an kì í kan ilẹ̀ dáadáa, a máa ń lẹ téèpù mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má baà dọ̀tí, torí a máa dá a padà.

Ọjọ́ kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n mú eléré gidi wá, obìnrin tó ń sá eré ọlọ́nà jíjìn. Ara rẹ̀ gbẹ, iṣan itan rẹ̀ yọ bí okùn. Ó sáré kọjá níwájú kámẹ́rà ní bí ìgbà ogún, mo sì mọ̀ pé ohun tí mo ń yà dára ju gbogbo ohun tí mo ti yà rí lọ. Ọ̀gbẹ́ni tó ṣojú ilé iṣẹ́ náà wo àwọn àwòrán, ó ní, "Obìnrin yìí kò ní ìdí lára. Ẹ jẹ́ kó dúró, kó kẹ̀yìn sí wa, kó wá bojú wẹ̀yìn." Obìnrin náà gbọ́. Èmi ló yíjú sí, ó ní, "Ṣé báyìí ni èèyàn ṣe ń sáré?"

Mo wolẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó kẹ̀yìn díẹ̀. Ó ṣe é. Àwòrán yẹn ni wọ́n lò, wọ́n sì gé e láti ọrùn, orí rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Mo ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Bí ó bá ń ka èyí, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí n ti sọ pé rárá. Owó ló dí mi lẹ́nu.

Aṣọ́lé

Ní tiwa, òfin ni. Nígbà tí mo ń gbá handball orí iyanrìn, bọ́ọ̀lù tí a ń fi ọwọ́ jù sínú ilé, bìkínì ni wọ́n ní kí obìnrin wọ̀, ẹ̀gbẹ́ pátá rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Àwọn ọkùnrin ń wọ ṣòkòtò péńpé. Aṣọ́lé sì ni mí: iṣẹ́ mi ni kí n fò, kí n ṣubú, kí n fi itan gbá ilẹ̀. Iyanrìn máa ń bó mi lára. Mo bẹ àwọn tó ń rán aṣọ fún wa pé kí wọ́n jẹ́ kó gùn dé itan, kódà fún ìgbà tí a bá ń ṣe ìdánrawò nìkan. Wọ́n ní kò ní dára nínú fọ́tò.

Nígbà tí àwọn obìnrin Norway wọ ṣòkòtò péńpé nínú ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ní Varna, ní Bulgaria, lóṣù keje 2021, àjọ handball Yúróòpù bu ìtanràn yúrò 1,500 lé wọn. Ariwo náà pọ̀ débi pé àjọ àgbáyé yí òfin náà padà kí ọdún yẹn tó parí. Mo ti fi eré sílẹ̀ nígbà náà. Mo dì mọ́ ẹni tó jókòó tì mí, mo sunkún.

Agbérin

Ẹ má bínú, tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Irin ni mo ń gbé. Mo ti ya fọ́tò láti polówó bẹ́líìtì tí a fi ń gbé irin, kọ́mú àti ṣòkòtò péńpé nìkan ló wà lára mi, mo sì fẹ́ràn fọ́tò náà. Èjìká yìí, ẹ̀yìn yìí, itan yìí, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ wọn. Bí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó yí sí pé kí obìnrin lọ bora. Èyí tí mo ti gbọ́ nínú ìyẹn ti tó.

Ní 2022, adidas fi ọmú àwọn obìnrin hàn láìbò láti polówó kọ́mú eré ìdárayá. Wọ́n ní ọmú kò rí bákan náà, ìdí nìyẹn tí àwọn fi ṣe oríṣi 43. Àjọ tó ń bójú tó ìpolówó ní Bìrìtéènì fòfin dè é lóṣù karùn-ún, àmọ́ àjọ náà fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn kò rí i pé ó sọ àwọn obìnrin náà di ohun èlò. Ìhòòhò tí tọmọdé tàgbà lè ṣe kòńgẹ́ ni wọ́n torí rẹ̀ dá ẹjọ́ náà. Ní ojú tèmi, nǹkan méjì ni: ara tó hàn, àti ohun tí wọ́n ní kí ara náà máa ṣe. Nínú fọ́tò mi, irin wà léjìká mi, bẹ́líìtì fún mọ́ mi níkùn, ojú mi le koko. Ẹni tó bá wò ó á mọ ohun tí bẹ́líìtì wà fún.

Agunkẹ̀kẹ́

Agbérin, mo gbọ́ yín, mo sì gbà pẹ̀lú yín. Síìpù tó ṣí kọ́ ni ẹjọ́ mi. Ká ní àṣíborí náà wà lórí rẹ̀, tí okùn rẹ̀ dè lábẹ́ àgbọ̀n, tí obìnrin náà sì ń gun kẹ̀kẹ́, mi ò bá má kọ ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Ẹni Rugby

Kúkurú ni tèmi. Wọ́n pe àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wa wá fi aṣọ tuntun ya fọ́tò. Wọ́n ní kí àwa obìnrin má ṣe wàhálà, àwọn ti háyà módẹ́ẹ̀lì. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní 2020 nígbà tí Canterbury, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe aṣọ rugby, ń ṣí aṣọ tuntun ẹgbẹ́ rugby Ireland: àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi ló wọ ti ọkùnrin, módẹ́ẹ̀lì ló wọ ti obìnrin. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn pariwo, ilé iṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì. Àwa kò tíì gbọ́ àforíjì kankan.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta

Ti ìpolówó ṣì kéré. Ara ohun èlò gan-an ni wọ́n ń yà á sí nígbà míì. Ní 2008, ilé iṣẹ́ Burton gbé pátákó ìyọ̀ lórí yìnyín jáde tí àwòrán àwọn obìnrin inú Playboy, ìwé ìròyìn oníhòòhò, wà lára rẹ̀. Àwọn ènìyàn lọ fẹ̀hónú hàn ní Vermont, ní Amẹ́ríkà, àwọn ibi ìṣeré kan sì ní kí òṣìṣẹ́ àwọn má fi wọ́n ṣiṣẹ́.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, títí tí èmi àti ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 11, fi lọ yá pátákó. Ọ̀kan ṣoṣo tó bá a mu ló kù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ní àwòrán obìnrin oníhòòhò. Mo ní ìsàlẹ̀ ni, inú yìnyín ló máa wà, ta ni yóò rí i. A jókòó sórí àga tí okùn irin ń fà gòkè. Ẹsẹ̀ wa rọ̀ sílẹ̀, ìsàlẹ̀ pátákó náà sì kọjú sí gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, wọ́n ń súfèé. Ọmọ mi ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè sábẹ́ ara rẹ̀ títí a fi dé orí òkè, bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbogbo ìgbà tí a gòkè lọ́jọ́ náà. Kò sọ fún mi. Èmi ni mo ń bá a wí pé kó jókòó dáadáa. Nígbà tí a dé ilé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìdí rẹ̀.

Mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́ kó padà síbẹ̀.

Olùkọ́ Kẹ̀kẹ́

Bàbá, ẹ rọra bẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó yan pátákó tirẹ̀.

Agunkẹ̀kẹ́, irun tèmi náà pọ̀. Mo ya àṣíborí mi láàárọ̀ yìí, lórí mi: ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, abẹ́ àgbọ̀n. Ẹ wo bó ṣe tẹ́jú lórí, bí ìka méjì ló wà láàárín rẹ̀ àti ìpéǹpéjú mi. Okùn iwájú àti ti ẹ̀yìn pàdé lábẹ́ etí. Ìdè tí a ń yí wà lẹ́yìn, àyè wà lókè rẹ̀ tí mo fa irun gbà.

Agunkẹ̀kẹ́

Mo rí wọn. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ kedere! Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìwọ̀n orí yín? Tèmi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 57.

Olùkọ́ Kẹ̀kẹ́

57 náà ni.